Níbo Ni Kí Aró Jókòó Sí?

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ tí mo ba aṣọ ìyá àgbà mi jẹ́. Ní Kémta ni, lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti máa ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n gbé abọ́ ẹ̀kọ láfún tí wọ́n ti fi álọ́ọ̀mù sè sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n mú ìyẹ́ adìẹ kan fún mi, wọ́n ní kí n máa ya igun kan kí àwọn lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Kí wọ́n tó padà dé, mo ti ya ẹyẹ, mo ti fi ewé kún inú ẹyẹ, mo ti to dọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ sínú ewé, mo sì ti fa ìlà sí gbogbo ibi tó kù. Inú mi dùn gan-an, torí kò síbi tí èèyàn lè fi ìka kàn tí mi ò ya nǹkan sí. Ìyá àgbà dúró, wọ́n wò ó títí. Wọn ò nà mí, wọn ò sì bú mi. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Àdùnní, níbo lo ní kí aró jókòó sí?"

Mi ò ní èsì. Fún ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà: ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í dé ibẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń funfun nígbà tí wọ́n bá ha ẹ̀kọ náà kúrò. Ibi tí ọwọ́ ẹni tó ń yà á kò kàn ni aró ń mu, ibẹ̀ ni aṣọ náà sì ti ń rí ẹwà rẹ̀. Tí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò aró, àwọ̀ rẹ̀ á dà bíi ti ewé, bí atẹ́gùn bá ṣe ń fẹ́ sí i ni yóò máa di búlúù lójú rẹ báyìí. Wọ́n á tún tì í bọ̀ ọ́, wọ́n á tún gbé e sá, títí tí yóò fi dúdú dáadáa. Nígbà tí wọ́n gbé tiwa jáde, igun tí mo yà kò yàtọ̀ sí aṣọ funfun tí ọmọdé ta omi aró sí lára. Wọ́n gé e kúrò, wọ́n fi ṣe òṣùká.

Ìyá àgbà ti lọ sinmi. Iṣẹ́ gíráfíìkì ni èmi ń ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí Sápọ́n, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́tàlá tí mo ti wà níbẹ̀. Ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó, báńà, kàlẹ́ńdà, lébẹ́ẹ̀lì ọṣẹ dúdú àti ti gàrí aláàpò. Àwọn oníbàárà ń pè mí ní Àǹtí Gíráfíìkì. Ìbéèrè ìyá àgbà kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà yẹn, àmọ́ ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí gan-an ni wọ́n ti bi mí léèrè.

Ẹni tó bá gba títì láti Ìbarà dé Pańsẹ́kẹ́ máa rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Báńà ìsọjí kan lè gbé àwòrán pásítọ̀ mẹ́wàá, iná, àdàbà, idà, òkè, orúkọ ìjọ lóríṣi lẹ́tà mẹ́ta, àti nọ́ńbà fóònù mẹ́rin. Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀, mo ti ṣe púpọ̀. Oníbàárà tó sanwó báńà gbà pé gbogbo ínṣì rẹ̀ lòun rà, bó bá wá rí ibi tó ṣófo, á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Bàbá kan ṣayẹyẹ ọgọ́ta ọdún, mo fi apá kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn kí ojú lè sinmi, wọ́n ní kí n gbé àwòrán mọ́tò wọn síbẹ̀. Mo gbé e síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹni tí mo bá gbọ́rọ̀ lẹ́nu wọn ló ń sọ̀rọ̀ àwọn ará Switzerland: fọ́ǹtì (ìyẹn ìrísí lẹ́tà) Helvetica tí Max Miedinger yà ní 1957, póstà tí ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré wà lórí rẹ̀, funfun rẹrẹ ní gbogbo ìyókù. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìwé ìpè ìgbéyàwó tí mo ṣe nígbà náà tutù bí ìwé ìkìlọ̀ ọsibítù, àwọn oníbàárà mi sì ń bọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bínú sí wọn nígbà yẹn, mo ní wọn ò lójú iṣẹ́. Èmi ni mi ò lójú. Ayẹyẹ wa kì í ṣe ohun tó dá páropáro, kò sì sídìí tí ìwé ayẹyẹ náà yóò fi dá páropáro. Ọjọ́ tí mo tún tẹ́ àdìrẹ ìyá àgbà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn sórí ibùsùn ni mo rí i. Aṣọ yẹn kún! Òpó Gbọ̀ngàn Màpó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí láàárín wọn, ewé àti ẹyẹ wà níbẹ̀, oríṣiríṣi àpẹẹrẹ tó ju bí mo ti lè kà tán lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀ ojú mi kò rẹ̀. Inú àpótí tirẹ̀ ni àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan jókòó sí, aró sì yí i ká. Kíkún kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ igun tí mo bà jẹ́ lọ́mọdé. Mi ò fún nǹkan kan ní yàrá tirẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù, orúkọ kan ṣoṣo ni.

Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé ìsìnkú ìyá wọn wá fún mi. Oríkì ìyá náà ni ÀṢÀKẸ́. Lẹ́tà ńláńlá ni wọ́n fẹ́ kí n fi kọ ọ́, lórí báńà ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4 tí wọ́n máa ta sẹ́nu ọ̀nà agboolé. Mo wá fọ́ǹtì kan tó wù mí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò ní àmì ìsàlẹ̀, kò ní àmì ohùn, bí ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ ti rí. Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe nígbà yẹn ni mo ṣe: mo kọ ASAKE lásán, mo wá ya dọ́ọ̀tì méjì, mo gbé ọ̀kan sábẹ́ S, mo gbé èkejì sábẹ́ E, mo fa ìlà kéékèèké mẹ́ta, mo tò wọ́n sórí A méjèèjì àti E. Lójú kọ̀ǹpútà mi, ó pé pérépéré. Mo fi fáìlì ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ báńà, mi ò sì kọ́kọ́ sọ lẹ́tà náà di kọ́ọ̀fù, ìyẹn àwòrán tí kò nílò fọ́ǹtì mọ́.

Ẹni tó bá ń lo CorelDRAW tí a fi ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Fọ́ǹtì mi kò sí lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, kọ̀ǹpútà fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, òmíràn náà sì fẹ̀ ju tèmi lọ. Àwọn lẹ́tà sún, àmì ò sún. Dọ́ọ̀tì tó yẹ kó wà lábẹ́ S bọ́ sí ìsàlẹ̀ A, ìlà orí E wá jókòó sórí K. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ká a, wọ́n gbé e lọ.

Wọ́n pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ àìsùn. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn ọmọ olóòkú ń to àga, báńà ti wà lókè, màmá olùkọ́ sì dúró níwájú rẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, wá ka ohun tó wà níbí fún mi." Mo kà á: Àṣàkẹ́. Wọ́n ní, "Rárá. Ohun tó wà lọ́kàn ẹ lo kà yẹn. Ohun tó wà lókè níbẹ̀ ni kó o kà."

Mi ò lè kà á. Kò sí ahọ́n tó lè kà á.

Wọ́n wá sọ fún mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bíi pé ọmọ kíláàsì wọn ni mí, pé ẹni tí a ṣà kẹ́ ni Àṣàkẹ́, pé ìyá àwọn bí ọmọ mẹ́jọ, pé ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ yẹn láìdáa láyé wọn. "O kọ orúkọ tán kó o tó rántí àmì. Ọmọ ilé ìwé mi kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀." Mo ní kí wọ́n má bínú, mo kúnlẹ̀. Mo lọ tẹ òmíràn lówó ara mi, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la tó ta á. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi jókòó sí ibi ìtẹ̀wé náà, tí ẹ̀rọ ń lọ tí ó ń bọ̀, ohùn ìyá àgbà ni mò ń gbọ́. Mo tún ti kún aṣọ kí n tó bèèrè ibi tí aró máa jókòó sí.

Àtìgbà yẹn ni mo ti gbájú mọ́ lẹ́tà. Mo wádìí ìdí tí àmì wa fi ń fọ́n ká bẹ́ẹ̀, ohun tí mo rí sì jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń ṣe fọ́ǹtì. Gbogbo kọ̀ǹpútà ayé ló ń lo ètò kan tí wọ́n ń pè ní Unicode, tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lẹ́tà á ní nọ́ńbà. Ẹ lásán ní nọ́ńbà, ọ àti ṣ náà ní. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ọ̀ kò ní. Nọ́ńbà méjì ni kọ̀ǹpútà máa ń so pọ̀, ti lẹ́tà àti ti àmì tó gùn ún lórí. Bóyá àwọn méjèèjì á pàdé dáadáa tàbí wọn ò ní pàdé, ọwọ́ ẹni tó ya fọ́ǹtì ló wà. Ó gbọ́dọ̀ ti fi ojú ìso kan sórí lẹ́tà, kó fi òmíràn sí ìdí àmì, kí ọ̀kan lè wọ inú èkejì bí bọ́tìnnì ṣe ń wọ ojú rẹ̀. Bí kò bá rántí wa nígbà tó ń yà á, àmì á máa rìn gbéregbère. Fọ́ǹtì Gentium àti Charis tí àjọ elédè SIL ṣe rántí wa. Noto náà rántí: Google gbé e jáde ní 2016 lẹ́yìn iṣẹ́ ọdún márùn-ún, ó sì gba èdè tó ju 800 lọ. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú tofu, ìyẹn wàrà sóyà tí wọ́n ń dín tà lójú títì níbí, torí pé àpótí kéékèèké tó máa ń yọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ò bá rí lẹ́tà jọ wàrà sóyà tí wọ́n gé. Noto túmọ̀ sí pé kí wàrà sóyà má ṣe sí mọ́. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn. Ẹnì kan níbì kan rí àpótí tó ti dójú ti èmi náà rí, ó sì jókòó tì í.

Ó tún dùn mí pé ní Abẹ́òkúta yìí ló ti yẹ kí n mọ èyí láti ilé. Ìlú wa ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní 1859, òun sì ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Òjé ni wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà ìtẹ̀wé láyé ìgbà náà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà tó bá ní àmì sì gbọ́dọ̀ ní òjé tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò sí ibi tí wọ́n ti fẹ́ rí i. Àyè àmì ti gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí lẹ́tà kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀. Wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà jẹ́ ní 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú, ìwé náà sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn lórí bí a ó ṣe kọ èdè wa kò parí: àwọn míṣọ́nnárì CMS pe ìpàdé lé e lórí ní Èkó ní 1875, ìgbìmọ̀ mìíràn tún gbé àbọ̀ tirẹ̀ jáde ní 1966.

Ohun kan nínú ìtàn yẹn tí mo fẹ́ràn jù ni ìlà ìdí lẹ́tà. Ẹ lọ wo àwọn ìwé Yorùbá àtijọ́, ẹ ó rí i pé nínú àwọn kan, dípò dọ́ọ̀tì, ìlà kékeré tó nàró ló wà lábẹ́ e àti o. Ìdí rẹ̀ ni pé tí èèyàn bá fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan láti fi tẹnu mọ́ ọn, ìlà náà á gbé dọ́ọ̀tì mì pátápátá, ṣùgbọ́n èyí tó nàró á yọ orí jáde nísàlẹ̀. Ẹnì kan ti ro ọ̀rọ̀ àyè yìí já kí wọ́n tó bí ìyá tó bí mi. Lónìí, bí mo bá fẹ́ kọ Yorùbá sójú ìwé, àyè tó wà láàárín ìlà sí ìlà ni mo kọ́kọ́ ń wọ̀n, kí n tó mú fọ́ǹtì, kí n tó mú àwọ̀. Lẹ́tà òyìnbó lè fún pọ̀. Tiwa ní ohun tó gbé lórí, ó sì ní ohun tó wọ̀ lẹ́sẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fún ìlà pọ̀ lọ́dọ̀ mi, àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ á lọ kan dọ́ọ̀tì ìlà òkè, mo sì máa ń ní kó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Lórí èyí, mi ò gba ẹ̀bẹ̀.

Ọ̀rọ̀ máàpù ẹ̀yìn ìwé ìpè náà fara jọ ọ́. Ọ̀nà ìlú wa kì í tọ́. Ó ń gun àpáta, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń yí po. Èmi a sì máa ya gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí gan-an, gbogbo kọ̀rọ̀, gbogbo àdúgbò láti Lafẹ́nwá dé Àṣerò, nínú àpótí tí kò ju páálí ìṣáná méjì lọ. Àlejò tó ti Ìlọrin wá sí ìgbéyàwó kan sọ fún mi pé òun fi máàpù mi dé ilé ìjọsìn tí kì í ṣe ti ìyàwó. Mo wá ka ìtàn Harry Beck, ẹni tó máa ń ya àwòrán wáyà iná fún iléeṣẹ́ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1931 ló ya máàpù ọkọ̀ ojú irin náà bí ẹni ń ya wáyà: ìlà tó nàró, ìlà tó dùbúlẹ̀, ìlà tó dagun, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ àárín ìlú tí ibùdókọ̀ ti pọ̀, ó fún ẹ̀yìn ìlú pọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ní 1933 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún ará ìlú, àwọn èèyàn sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà lókè ilẹ̀, odò Thames nìkan ló fi síbẹ̀. Ní 2009 wọ́n yọ odò náà kúrò, ariwo sì sọ débi pé wọ́n ní láti dá a padà.

Mo fi odò Ògùn sí tèmi, mo fi Olúmọ sí i, mo fi ibi tí èèyàn ti máa yà sí i, mo sì pa ìyókù rẹ́. Àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀wé ń kọ́? Ìlú Mexico ti ronú kan tiwọn: nígbà tí rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1969, Lance Wyman ya àwòrán kan fún ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí kò lè kàwé lè mọ ibi tó máa sọ̀. Ní Ìtòkú, àwọn ìyá aláṣọ tí kò kàwé rí máa ń fi orúkọ àpẹẹrẹ ara aṣọ ṣòwò, wọn kì í sì í ṣì í mú. Nítorí náà mo ya igi, ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ilé gogoro, ilé epo. Àwọn àlejò ń débẹ̀ báyìí.

Nǹkan kan tún wà tí mo máa ń rántí tí mo bá ń ya lébẹ́ẹ̀lì tàbí ìdérí ìgò. Nígbà tí ọwọ́ ń dun ìyá àgbà lọ́jọ́ ogbó, wọ́n wé àkísà mọ́ ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń ha ẹ̀kọ gbígbẹ kúrò lára aṣọ, títí tí ibi ìdìmú rẹ̀ fi tóbi bí àgbàdo. Ojú ń tì mí tí àlejò bá rí i. Àṣé ohun kan náà ni Sam Farber ṣe ní Amẹ́ríkà nígbà tó rí i tí ìyàwó rẹ̀ tó ní àrùn oríkèé ń jìyà pẹ̀lú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó èèpo nǹkan. Ó ní kí wọ́n ṣe ìdìmú tó nípọn tó sì rọ̀, iléeṣẹ́ OXO tó dá sílẹ̀ gbé e jáde ní 1990, kárí ayé sì ni wọ́n ń rà á, àti ẹni tí ọwọ́ ń dùn àti ẹni tí ọwọ́ kò dùn. Ìyá àgbà ti fi àkísà ṣe é ní Kémta. Ó dùn mí pé mo tijú.

Àbúrò mi ọkùnrin ń kọ́lé sí Ọbáńtokò. Mi ò kì í ṣe ayàwòrán ilé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ inú páálọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án oṣù Kejì, mo jáde kíákíá. Sílíìnì onírọ́bà kò ga, páànù gùn ún lórí tààrà, fèrèsé kéékèèké, ooru sì ti há sáàárín. Ó ní ẹ̀rọ amúlétutù ló máa tán an. Mo ní, iná wo? Mo fi àwòrán ilé ìwé Gando hàn án. Francis Kéré ló yà á, ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso, abúlé tí kò nílé ìwé nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ní Berlin nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó tí wọ́n máa fi kọ́ ọ. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló kọ́ ọ, pẹ̀lú bíríkì amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sí, ó sì parí ní 2001. Ohun tí mo fẹ́ kí àbúrò mi rí ni òrùlé rẹ̀. Kò gbé páànù lé sílíìnì. Ó fi irin gbé páànù náà sókè, ó sì nà án kọjá ògiri; sílíìnì bíríkì tó wà nísàlẹ̀ ní ojú ihò. Ooru inú kíláàsì ń gba ojú ihò náà gòkè, atẹ́gùn tó ń kọjá láàárín òrùlé méjèèjì á gbé e lọ, èyí tó tutù á sì gba ojú fèrèsé wọlé. Kò gba iná mànàmáná kankan. Ní 2022, wọ́n fún Kéré ní ẹ̀bùn Pritzker, èyí tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ yíya ilé, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á.

Àbúrò mi wò ó, ó ní, "Àǹtí mi, amọ̀ tí bàbá wa sá fún nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo mọ ohun tó ń sọ: ilé alámọ̀ ni ilé òtòṣì lójú wa, ẹni tó bá rí owó ló ń kọ́ ti búlọ́ọ̀kù. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá gun Olúmọ, tó wo àwọn òrùlé pupa tó dípẹtà nísàlẹ̀, ilé àwọn bàbá wa ló ń wò: ògiri tó nípọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó bo ojú fèrèsé, àgbàlá láàárín tí atẹ́gùn ń gbà. Wọ́n fi àyè sílẹ̀. Àwa la dí i. A jà lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ìkẹyìn kò tú sílíìnì rẹ̀, owó ti wọ̀ ọ́. Ó jẹ́ kí káfíńtà lu ojú afẹ́fẹ́ sí ìparí òrùlé lápá méjèèjì, ó sì fa òrùlé iwájú jáde kó lè bo fèrèsé. Ó dára díẹ̀ sí i. Kò tíì dára tó.

Lọ́dún tó kọjá, màmá olùkọ́ padà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò rò pé wọ́n tún lè wá. Wọ́n fẹ́ pé 80 ọdún, wọ́n sì fẹ́ ìwé kékeré tí wọ́n máa pín fún àwọn èèyàn níbi ìdúpẹ́: ìtàn ayé wọn, oríkì ilé wọn, àwòrán àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe ojú ìwé oríkì nìkan. Mo fa ìlà jìnnà síra, mo fi etí ìwé tó fẹ̀ sílẹ̀ lápá ọ̀tún, kí ìlà oríkì kọ̀ọ̀kan lè parí níbi tí ẹni tó ń pè é ti máa mí. Mo sọ gbogbo lẹ́tà di kọ́ọ̀fù.

Nígbà tí mo tẹ ẹ̀dà àkọ́kọ́, wọ́n wá wò ó. Wọ́n bọ́ jígí wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́. Wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà bí wọ́n ti ń kà á, ẹnu wọn ń mì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí oríkì náà ti pe ìyá wọn, ìka wọn dúró sábẹ́ Ẹ́ tó gbẹ̀yìn Àṣàkẹ́. Wọ́n kà á sókè. Wọn ò sọ nǹkan kan sí mi nípa rẹ̀. Wọ́n ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn náà wọ́n tọ́ka sí etí ìwé tí mo fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkì. "Àdùnní, àyè wà níbí. Bá mi fi àwòrán àwọn ọmọ tó wà ní Kánádà síbẹ̀."

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, àyè yẹn kì í ṣe òfìfo. Ibẹ̀ ni oríkì yín ti ń mí."

Wọ́n wò mí. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n gbé ìwé náà jìnnà sójú, wọ́n tún gbé e súnmọ́ ọn, wọ́n ka ìlà méjì sí i lábẹ́ ẹ̀mí. Wọ́n wá bèèrè iye tó máa jẹ́ tí a bá fi ojú ewé mẹ́rin kún un. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ka owó náà láti inú báàgì, wọ́n ní àwọn á ní kí ọmọ tó wà ní Kánádà fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù mi kí ọjọ́ Mọ́ńdé tó pé.